Áńpílífáyà Kékeré fún Ilé Tó Ń Lo Sólà: Bí Ará Gwange Ṣe Lè Yan Èyí Tó Yẹ

Áńpílífáyà ni ẹ̀rọ tó máa ń gba ohùn tí kò lágbára láti ara fóònù, rédíò tàbí ẹ̀rọ CD, tí yóò sì fi iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tó lè mi sípíkà títí gbogbo ilé yóò fi gbọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rẹ́ò ní ọ̀nà ohùn méjì, ọ̀kan fún sípíkà ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì lè mọ ibi tí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà àti ibi tí gángan ti ń dá akọrin lóhùn. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ẹ̀rọ yìí ti kéré débi pé òmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ dé ibi tí òṣìṣẹ́ lásán lè nawọ́ sí i. Síbẹ̀, iye wáàtì gàgàrà tí wọ́n kọ sára páálí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ olùrà lọ́nà. Ní àdúgbò bíi Gwange, iná tí ilé ń lò àti sípíkà tó wà nílẹ̀ ló yẹ kó pinnu irú áńpílífáyà tí ènìyàn yóò rà.

Gwange jẹ́ àdúgbò tí èrò pọ̀ sí ní ìlú Maiduguri, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, lẹ́bàá odò Ngadda. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn agbésùmọ̀mí fi àdó olóró wó òpó tó ń gbé iná mànàmáná wá láti Damaturu, òkùnkùn sì gba ìlú kan fún oṣù púpọ̀. Ohun tó bí ibùdó iná pàjáwìrì oní 50 mẹ́gáwáàtì tí ilé iṣẹ́ NNPC kọ́ síbẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ya, omi sì ya wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò, Gwange wà lára wọn, ó ba ilé jẹ́, ó sì ba ẹrù inú ilé jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó náírà ti já wálẹ̀ gan-an láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí gbogbo ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá fi gbówó lórí. Ẹni tó bá fẹ́ ra áńpílífáyà nírú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní owó tí yóò fi dán nǹkan wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè gbọ́kàn lé iná ìjọba nìkan. Páńẹ́lì sólà àti bátìrì ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ró.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe áńpílífáyà tí àwọn ènìyàn ń lò nílé. Àkọ́kọ́ ni ti àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Class AB: iná kì í yé ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, kódà nígbà tí orin bá rọlẹ̀, apá ńlá nínú iná ọ̀hún a sì di ooru, ìdí nìyẹn tí irú rẹ̀ fi máa ń ní tiransifọ́mà wíwúwo àti irin fẹ̀ẹ̀rẹ̀-fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí ooru ń gbà jáde. Láàárín irú èyí ni NAD 3020 ti jáde ní ọdún 1978. Ogún wáàtì péré ni wọ́n kọ fún sípíkà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó di ìlúmọ̀ọ́ká nítorí pé ohùn rẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ kò sì ga ju ara lọ, èyí tó fi hàn pé ohùn rere kò sí lọ́wọ́ iye wáàtì nìkan.

Ọ̀nà kejì ni Class D, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ áńpílífáyà kéékèèké òde òní ń tọ̀. Tiransísítọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ ju iṣẹ́ méjì lọ, kí ó ṣí sílẹ̀ pátápátá fún iná tàbí kí ó tì pátápátá, ó sì ń ṣe èyí ní ìgbà tó lé ní 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; bí ohùn bá ṣe ga tàbí rọlẹ̀ ni yóò fi pẹ́ tó ní ṣíṣí kí ó tó tì, kọ́ìlì kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà sípíkà yóò sì sẹ́ ìṣísílẹ̀ àti ìtìpa wọ̀nyí kúrò kí orin nìkan lè kọjá. Nítorí pé kò sí ìgbà tí iná ń rá pálá láàárín ṣíṣí àti títì, nǹkan bí 90 nínú 100 wáàtì tó bá wọlé, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, ni yóò dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Ilé iṣẹ́ Tripath ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ irú èyí di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, pẹ̀lú IC rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, tó ń jẹ́ TA2024. Lónìí, IC méjì láti ọ̀dọ̀ Texas Instruments, TPA3116D2 àti TPA3255, ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké tí Fosi Audio, Aiyima àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe.

Ànfààní Class D fún ará Maiduguri kì í ṣe kékeré. Ooru ìlú náà máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius nínú oṣù kẹrin, ẹ̀rọ tí kì í gbóná púpọ̀ yóò sì pẹ́ níbẹ̀ ju èyí tó ń fi ooru tirẹ̀ kún ooru yàrá lọ. Ti bátìrì tún ju ìyẹn lọ. Bátìrì 12 fólítì tó jẹ́ 100 Ah ní nǹkan bí 1,200 wáàtì-wákàtí nínú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti òjé, kò dára kí wọ́n fa á kọjá ìdajì, nítorí náà 600 ló ṣeé lò. Áńpílífáyà kékeré tó ń gba 10 wáàtì, tí wọ́n sì so mọ́ bátìrì náà tààrà, lè dún fún 60 wákàtí kí ìdajì yẹn tó tán. Èyí tó jẹ́ Class AB, tó ń gba 60 wáàtì bí wọ́n bá ro ohun tí ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ìjọba, fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, yóò tán an ní wákàtí 10 péré.

Níbi síso mọ́ bátìrì tààrà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí pé àwọn IC méjèèjì tí a dárúkọ kò gba iye fólítì kan náà. TPA3116D2 ń ṣiṣẹ́ láti 4.5 títí dé 26 fólítì, nítorí náà bátìrì 12 fólítì, tó máa ń gòkè dé nǹkan bí 14.4 nígbà tí sólà bá ń cháàjì rẹ̀ lọ́sàn-án, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. TPA3255 ní tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 18 fólítì títí lọ dé 53, bátìrì 12 fólítì kan kò sì lè gbé e rárá. Ẹni tó bá rà á nítorí pé wọ́n yìn ín lókè òkun yóò ní láti lo ínfátà pẹ̀lú ṣájà rẹ̀. Ewu tó tóbi jù wà nínú ilé tó so bátìrì méjì pọ̀ di 24 fólítì. Òǹtajà lè sọ pé áńpílífáyà tó ń lo TPA3116D2 gba 24 fólítì, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n bátìrì méjì tí sólà ń cháàjì lọ́wọ́ lè gòkè dé 28.8 fólítì, èyí tó ti kọjá 26 tí IC náà lè gbà láìsí ewu. Ẹ̀rọ tó dún dáadáa lálẹ́ lè jóná lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣirò lè fúnra rẹ̀ mọ iye wáàtì tí irú áńpílífáyà bẹ́ẹ̀ lè mú jáde jù lọ. Kí ó ṣe ìlọ́po fólítì náà ní iye ara rẹ̀, kí ó sì fi ìlọ́po méjì óòmù sípíkà pín in. Óòmù yìí ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì 12 fólítì àti sípíkà 8 óòmù yóò fún un ní 144 tí a fi 16 pín, èyí tó jẹ́ 9 wáàtì fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí sípíkà bá jẹ́ 4 óòmù, yóò di 18. Kò sí bí ẹ̀rọ tó ń lo ọgbọ́n yìí, tí kò sì ní ohun tó ń sọ fólítì di púpọ̀ nínú, ṣe lè mú 100 wáàtì jáde láti ara bátìrì kan, ohun yòówù kí páálí rẹ̀ máa wí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé 9 wáàtì kéré jù, ṣùgbọ́n bí wáàtì ṣe ń pọ̀ sí i kọ́ ni ohùn ṣe ń pọ̀ sí i létí ènìyàn. Désíbẹ́ẹ̀lì ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó. Bí wọ́n bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, désíbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló ń kún un, ó sì gbà tó ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì kí etí tó gbà pé ohùn náà ti di ìlọ́po méjì. Sípíkà ilé tó wọ́pọ̀ máa ń dún tó 87 désíbẹ́ẹ̀lì ní mítà kan pẹ̀lú wáàtì kan ṣoṣo. Tó bá gba 8 wáàtì, yóò dé 96. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ohùn 80 désíbẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ wọ etí ènìyàn ju 40 wákàtí lọ lọ́sẹ̀. Nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ fara kan ti aládùúgbò, wáàtì kan tàbí méjì ni orin sábà máa ń lò, ìyókù wà fún ìgbà tí ìlù bá dún lójijì.

Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ka PMPO sí nǹkan kan. Orúkọ tí wọ́n fún iye wáàtì tó ga jù lọ tí òǹtajà lè fojú inú wò ni, kò sì ní òfin kankan tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Irú àṣejù bẹ́ẹ̀ ló mú kí àjọ FTC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin ní ọdún 1974 pé kí àwọn tó ń ta áńpílífáyà máa sọ iye wáàtì tó lè máa jáde láìdáwọ́dúró, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní ọdún 2024. Èyí tó yẹ kí olùrà wá ni wáàtì RMS, ìyẹn èyí tó lè máa jáde láìdáwọ́dúró, pẹ̀lú óòmù àti fólítì tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n; bí wọ́n bá kọ THD, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe fọ́ tó, 10% sí i, kí ó mọ̀ pé ohùn ti fọ́ kí ó tó dé iye yẹn, 1% tàbí kí ó dín ló fi iye wáàtì tó mọ́ hàn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Sípíkà ló ń sọ bí orin yóò ṣe rí létí ju áńpílífáyà lọ, òun ló sì yẹ kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó. Ẹni tí sípíkà ẹ̀rọ Sony tàbí LG àtijọ́ rẹ̀ ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń gbé e ti kú, lè fi áńpílífáyà kékeré jí i dìde, bí óòmù rẹ̀ bá wà láàárín 4 sí 8. Díẹ̀ nínú sípíkà ilé sinimá inú yàrá jẹ́ 3 óòmù, iná tí irú wọn ń fà sì lè mú kí áńpílífáyà gbóná kí ó sì pa ara rẹ̀. Ìkìlọ̀ mìíràn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe so wáyà dúdú sípíkà méjèèjì pọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ó fara kan irin ara ẹ̀rọ, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ Class D, iná ń jáde láti ara wáyà pupa àti dúdú bákan náà, ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú ọkọ̀ àtijọ́ ti fẹ́ jó IC nìyẹn.

Tòkunbọ̀ ní àyè tirẹ̀. Áńpílífáyà Class AB láti ọ̀dọ̀ Pioneer tàbí Kenwood lè dára gan-an fún ilé tí iná rẹ̀ kì í tán, ṣùgbọ́n kí olùrà kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún Japan ń lo 100 fólítì, ti Amẹ́ríkà ń lo 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230 sí 240, ẹ̀rọ tí wọ́n bá kì bọ iná tó ju tirẹ̀ lọ kò ní pẹ́ jóná. Láti ìgbà ìkún omi, ó tún yẹ kí ènìyàn tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò ẹ̀rọ kó wò ó bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ wà nínú rẹ̀ tàbí ìpẹtà wà lórí ìdè rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí omi ti wọ̀ lè dún lójú ọjà, kó sì dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ní ti ibi tí ohùn yóò gbà wọlé, Bluetooth rọrùn fún orin inú fóònù, ṣùgbọ́n kí ihò AUX tàbí RCA wà pẹ̀lú, kí ó lè ṣeé ṣe láti so rédíò mọ́ ọn. Èyí ṣe pàtàkì ní ìlú tí ètò Dandal Kura ní èdè Kànúrí àti ìròyìn BRTV, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn Borno, ti ń wọlé lórí rédíò, tí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó já geere sì sàn ju béèsì tó ń mi ilẹ̀ lọ. Bí ariwo wúùù bá ń jáde nígbà tí sólà ń cháàjì, kí wọ́n gbé wáyà ohùn jìnnà sí wáyà páńẹ́lì àti ti ínfátà. Fíúùsì 5 ámpù gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà tó ti ara bátìrì wá, kó sì sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí, nítorí bátìrì lágbára láti dáná sí wáyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá fara kan ara wọn. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì ká a kúrò kí wọ́n tó tàn án, kí eruku má baà di ihò tí ooru ń gbà jáde.

Láti inú gbogbo èyí, èyí tó yẹ ilé tó ní bátìrì 12 fólítì kan ni áńpílífáyà Class D tó ń lo TPA3116D2 tàbí irú rẹ̀, tó ní Bluetooth àti AUX, pẹ̀lú sípíkà 4 sí 8 óòmù tó dún tó 87 désíbẹ́ẹ̀lì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó ní ínfátà ńlá tí kì í kú, tí yàrá rẹ̀ sì fẹ̀, lè lọ fún TPA3255. Ilé tó ní bátìrì 24 fólítì nílò ẹ̀rọ tó ń sọ fólítì kalẹ̀ sí 12 tàbí 19 kó tó so áńpílífáyà tó ń lo TPA3116D2 mọ́ ọn. Kí ẹni tó ń lọ sọ́jà kọ fólítì bátìrì rẹ̀ àti óòmù sípíkà rẹ̀ sínú ìwé kó tó kúrò nílé, kí ó mú sípíkà kan àti fóònù rẹ̀ dání, kí ó sì fi orin tó mọ̀ dáadáa dán ẹ̀rọ wò ní ohùn kékeré kó tó yí i sókè. Bí òǹtajà kò bá gbà kí wọ́n dán an wò, kí ó gbé owó rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti máa gbà.