Ẹnu kan náà yẹ ní ìkòkò ẹ̀wà

 

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tó ń dá gbé: ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọmọ ilé-ìwé tó gba yàrá kan. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ lánàá. "Gàrí ni mo mu." Lónìí ńkọ́? "Gàrí náà ni." Kì í ṣe àìlówó nìkan. Wọ́n á ní: "Ṣé nítorí ẹnu kan ni n ó ṣe máa kó èédú sí àdògán fún wákàtí méjì?"

Gàrí ń yó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ẹran ara le kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ̀wà ní in. Àgbà tí kì í rí irú rẹ̀ jẹ, díẹ̀díẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ. A ó ní ogbó ni. Nígbà mìíràn, ebi ni.

Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ kan, aṣọ gbígbẹ, àti ìkòkò kékeré tó ní ọmọrí. Lálẹ́, ẹ ṣa ẹ̀wà ife kan, ẹ rẹ ẹ́ sómi. Láàárọ̀, ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu òmíràn sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìkòkò. Ẹ fi àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ sí i. Kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 20. Bó ṣe ń hó lọ́wọ́, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti tẹ́ aṣọ sí, ẹ fi aṣọ wé e yíká, lókè nísàlẹ̀, bí ẹni wé ọmọ nígbà ọyẹ́. Ẹ máa lọ sọ́jà yín. Ooru inú rẹ̀ ni yóò máa sè é lọ.

Lẹ́yìn wákàtí 3 sí 4, ẹ gbé e padà sórí iná. Ẹ fi epo, iyọ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i, kó tún hó dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Ìkòkò ńlá tí oúnjẹ ò kún máa ń tètè tutù. Kékeré ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì jẹ́ kó sùn sínú apẹ̀rẹ̀: oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò àrùn ń fẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló sì ń fà.

Ní ti ọjà, ẹ ra ẹ̀wà nígbà ìkórè, tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀. Ẹ rọ ọ́ kún ìgò gbígbẹ, ẹ dé e kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò ò ní lè jẹ ẹ́.

Kí ẹgbẹ́ yín tó tú ká lónìí, ẹ ka àwọn tó ń dá gbé ládùúgbò yín. Ta ni yóò gbé apẹ̀rẹ̀ lọ bá wọn, tí yóò jókòó tì wọ́n, tí wọn ó jọ jẹ ti àkọ́kọ́?

Ó dìgbà o.