Ẹ Kọ́kọ́ Dán Oògùn Koríko Wò Lára Àgbàdo Aládùn

Àwọn àgbà wa ní ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ni a fi ń wọn bí odò ti jìn tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ oògùn koríko rí. Ẹni tí ó bá ra oògùn tuntun lónìí, tí ó sì fín in sí gbogbo oko àgbàdo aládùn rẹ̀ lọ́la, ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó fi wọ odò.

Ohun tí ó yí padà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, atrazine ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ alágbàdo gbójú lé. Bí a bá lò ó ní ìwọ̀n tí ó yẹ, kò sábà pa irú àgbàdo kankan lára. Ṣùgbọ́n àjọ NAFDAC ti fi òfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fi òfin de atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, nítorí ìpalára tí wọ́n lè ṣe fún ènìyàn àti fún àyíká. Ẹ máa ka ara ìgò dáadáa kí ẹ tó rà á, nítorí pé àwọn àdàlù kan wà tí atrazine wà nínú wọn.

Lára àwọn oògùn mìíràn tí a ń lò fún àgbàdo ni nicosulfuron àti mesotrione. Wọ́n ń pa koríko dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irú àgbàdo ni ó lè fara dà wọ́n. Àgbàdo aládùn ni a sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù lọ.

Ìdí tí àwọn àgbàdo fi yàtọ̀ síra

Nígbà tí a bá fín oògùn, àti koríko àti àgbàdo ni wọ́n jọ ń mu ún. Àgbàdo tí ó lágbára a máa sọ oògùn náà di aláìlágbára nínú ara rẹ̀ kí ó tó lè ṣe é ní ibi. Koríko kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ó fi ń kú. Àjogúnbá ni agbára yìí. Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ti dán ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àgbàdo aládùn wò. Wọ́n rí i pé àwọn kan kò ní agbára yìí rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Merit wà lára wọn. Àgbàdo tí ó jogún àìlágbára lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ méjèèjì ni oògùn ń pa lára jù. Èyí tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo wà ní àárín méjì.

Ohun mìíràn tún wà. Láti ọdún 2016 ni kòkòrò ajẹ̀gbàdo tí ó ti Amẹ́ríkà wá ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí àwọn àgbẹ̀ sì ń fín oògùn kòkòrò sí àgbàdo. Àwọn oògùn kòkòrò kan, bíi malathion, a máa dí àgbàdo lọ́wọ́ láti borí nicosulfuron. Nítorí náà, ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀ nínú táǹkì kan, ẹ má sì ṣe fín wọn tẹ̀lé ara wọn.

Ìdánwò kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa

Ní nǹkan bí ọdún 1950, àrùn kan tí ó ń mú kí ewé àgbàdo rí bí irin tí ó dógùn-ún ba àgbàdo jẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ gbin oríṣiríṣi àgbàdo, ti ilé àti ti òkèèrè, láti mọ èyí tí àrùn náà kò lè borí. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà ni a ń rọ ẹ̀yin náà láti ṣe ní kékeré.

Bí a ti ń ṣe é

Ẹ gbin poro méjì fún irú àgbàdo kọ̀ọ̀kan, kí poro kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 17. Ẹ pín gígùn náà sí ọ̀nà mẹ́ta, mítà 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi mítà kan sílẹ̀ láàárín wọn kí oògùn má baà fẹ́ kọjá.

Apá kìíní: ẹ má ṣe fín oògùn sí i, ọkọ́ ni kí ẹ fi ro ó.
Apá kejì: ẹ fín oògùn sí i lẹ́ẹ̀kan, ní ìwọ̀n tí a kọ sí ara ìgò.
Apá kẹta: ẹ fín in lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni tí ń fín oògùn bá padà sí ojú ibi tí ó ti fín tẹ́lẹ̀.

Láti mọ ìwọ̀n, ẹ fi omi lásán fín ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 10 ní ìbú àti mítà 10 ní gígùn. Bí omi lítà 2 bá tán níbẹ̀, lítà 200 ni yóò tó hẹ́kítà kan, táǹkì lítà 16 yóò sì tó ìdá 12 àti ààbọ̀ hẹ́kítà. Bí ìgò bá ní kí á lo oògùn lítà kan fún hẹ́kítà kan, mìlílítà 80 ni ti táǹkì kan. Ẹ fọ táǹkì náà mọ́ tónítóní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìṣẹ́kù glyphosate nínú rẹ̀ lè pa àgbàdo, yóò sì ba ìdánwò jẹ́.

Ẹ fín in ní àkókò tí ìgò wí. Bí a bá fín nicosulfuron nígbà tí àgbàdo ti dàgbà jù, ọmọ rẹ̀ lè di aláàbọ̀, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù. Ẹ bo imú àti ọwọ́ yín, ẹ má fín in nínú afẹ́fẹ́ líle, ẹ má sì fín in sí etí odò. Ní ilẹ̀ olókè bíi ti Ẹ̀fọ̀n, kíákíá ni òjò ń gbá oògùn lọ sínú omi tí ènìyàn ń mu.

Ohun tí a ó wò

Ẹ lọ wò ó ní ọjọ́ 7, ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 28. Ǹjẹ́ ewé funfun, tàbí ó pọ́n bí ẹni pé ebi ń pa á? Ǹjẹ́ ewé ká mọ́ra? Ǹjẹ́ ó kúrú ju ti apá kìíní lọ? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà ìkórè, ẹ ka ọmọ tí ó tó tà ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọ̀n wọ́n, nítorí pé ọjà ni yóò ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.

Kí á sọ pé a ka igi 40 ní apá kìíní, kí á sì rí ọmọ 36 tí ó tó tà. Bí apá kejì bá mú 35 wá, irú àgbàdo yẹn lè fara da oògùn náà. Bí apá kejì bá dára ṣùgbọ́n tí apá kẹta bàjẹ́, a lè lo oògùn náà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tún ẹsẹ̀ gbé sí ojú ibi kan náà. Bí apá kejì bá mú 20 péré wá, ẹ má ṣe lo oògùn náà fún irú àgbàdo yẹn láéláé. Ẹ má ṣe ta ohun tí ó so ní apá kẹta, ẹ má sì ṣe jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́

Ìdánwò kan ní ibì kan kò tó. Kí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe é ní Ìjerò, kí òmíràn ṣe é ní Arámọkọ, kí ẹlòmíràn ṣe é ní orí òkè Ẹ̀fọ̀n, kí wọ́n sì tún un ṣe ní àkókò ọ̀gbìn kejì. Kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ wọn wá sí ìpàdé, kí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà ní àdúgbò yín sì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹgbẹ́ tó fi owó àjọ ra oògùn fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá sì pààrọ̀ irúgbìn, ẹ tún ìdánwò ṣe, nítorí pé orúkọ tuntun lè mú àìlera tuntun wá.

Poro díẹ̀ tí ó bàjẹ́ ní ìdánwò kì í ṣe àdánù. Òun ni ó gba gbogbo oko là.