Ṣé o mọ̀? Ẹ̀tù tí wọ́n lọ rà ní Àjàṣẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà Àjàṣẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí Ifangni wa, wà lára ohun tó dá ogun abẹ́lé tó gbòde nílẹ̀ Yorùbá fún ọdún mẹ́rìndínlógún sílẹ̀? Ní 1877, Ààrẹ Látòóṣà ti Ìbàdàn rán èrò lọ ra ẹ̀tù níbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá dènà dè wọ́n, ni ìjà bá bẹ́. Ohun tó mú mi gbà pé ọ̀nà àti ẹrù ló ń darí ọmọ ogun, ju ìgboyà lọ, nìyẹn. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti alájọṣe wọn tó para pọ̀ dìde sí Ìbàdàn nínú ogun yìí kan náà, dúró kojú ara wọn nítòsí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn jagunjagun mọ ilé alámọ̀, wọ́n sì dá oko sí àyíká ibùdó, nítorí ebi kì í gbọ́ àṣẹ balógun. Ẹlòmíràn á ní ìbọn ìgbàlódé tí Èkìtìparapọ̀ ń ki láti ìdí ló yí ogun náà padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbọn ọ̀hún kò hù nínú igbó: láti Èkó ló ti wá, ọ̀nà Oǹdó ló sì gbà. Ìhà méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ó di 1893 kí ibùdó tó tú ká.