Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Wíwá Ìdí Àìṣedéédéé Ìpàdé Orí Kọ̀ǹpútà Linux

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣàlàyé bí a ṣe lè wá ìdí àìṣedéédéé tí ó máa ń bá ìpàdé olóhùn-aláwòrán lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, a ó sì dábàá ọ̀rọ̀-ìperí mélòó kan fún ìlò olùkọ́ àti ògbufọ̀. Èrò wa ni pé níbi tí orúkọ kan bá ti dúró fún ohun méjì, ibi tí kò dun aláìsàn ni a óò máa tọ́jú.

Ìrírí kan ni ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan fẹ́ gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú olùyẹ̀wò tí ó wà ní ìlú òkèèrè. Olùyẹ̀wò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni ó ń rí níbi tí ó ti yẹ kí ó rí àtẹ ìwádìí. Gbogbo wa ń wí pé, "Kò ṣiṣẹ́." A yọ ètò ìpàdé náà kúrò, a tún un fi síbẹ̀, pàbó ni ó já sí. Ọjọ́ mìíràn ni a sún ìjókòó náà sí.

Bí a bá kọ́kọ́ mú ti ohùn, ipele mẹ́ta ni ó ń là kọjá nínú kọ̀ǹpútà:

(1) Ohun-èlò. "Gbohùngbohùn" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí a ń sọ̀rọ̀ sí. Òun náà ni wọ́n ń pe ohun tí ohùn ń ti inú rẹ̀ jáde. A dábàá agbóhùnwọlé fún ti àkọ́kọ́, agbóhùnjáde fún èkejì. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbé ni ó wà nínú wọn, kì í ṣe gbà tí ó wà nínú agbohùnsílẹ̀; nítorí náà ni a ṣe fi àmì ohùn òkè sí fáwẹ̀lì náà. Àṣẹ arecord -l ni yóò to àwọn agbóhùnwọlé tí Linux rí, yàtọ̀ sí àwọn tí ó ń lo Bluetooth. Bí tiwa kò bá sí níbẹ̀, kí a yẹ okùn àti ohun-èlò wò.

(2) Alárinà. PipeWire ni èyí lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní; PulseAudio ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Òun ni ó ń gba ohùn lọ́wọ́ ohun-èlò fún àwọn ètò. Àṣẹ wpctl status yóò fi àmì ìràwọ̀ sí ara agbóhùnwọlé tí alárinà yàn, yóò sì fi hàn bí a bá ti pa á lẹ́nu mọ́.

(3) Ètò ìpàdé. Òun náà ní àṣàyàn tirẹ̀. Ìgbà tí méjì ìṣáájú bá ti yè kooro ni kí a tó fọwọ́ kàn án.

Ní ti fífi ojú kọ̀ǹpútà han ẹlòmíràn, ọ̀nà méjì ni ó wà. Lábẹ́ ìlànà X11, tí ó jáde ní 1987, ètò kọ̀ọ̀kan lè wo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà láìtọrọ àyè. Lábẹ́ Wayland, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ètò kan kò lè yọjú wo fèrèsé ètò mìíràn. Ó níláti kọjá lọ́dọ̀ xdg-desktop-portal, èyí tí yóò bi oníkọ̀ǹpútà léèrè. Bí ó bá gbà, PipeWire yóò gbé àwòrán náà lọ. Ètò tí ó mọ ọ̀nà X11 nìkan yóò máa fi òkùnkùn hàn.

Ẹnìkan lè fẹ́ pe portal yìí ní "ìdènà." A kò fara mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ "ìdènà" yóò wá bí yóò ti mú un kúrò, bẹ́ẹ̀ ni òun ni kò jẹ́ kí ètò kan jí lẹ́tà wa kà. Oníbodè ni a dábàá: ẹni tí ó bá tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọjá.

Nígbà tí a pa àṣẹ echo $XDG_SESSION_TYPE lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ wa, "wayland" ni ó dáhùn. Ẹ̀dà àtijọ́ tí a ti fi pamọ́ ni a ń tún fi síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kò sì mọ oníbodè rí. Ẹ̀dà tuntun ni ó yanjú rẹ̀.

Ní ìkádìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti yé wí pé "kò ṣiṣẹ́." Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: ọ̀dọ̀ ta ni ohùn tàbí àwòrán dé tí ó fi dúró? Ṣé ohun-èlò ni, àbí alárinà, àbí oníbodè, àbí ètò fúnra rẹ̀?