Báwo Lo Ṣe Máa Ya "Ìfọkàntán"?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi fóònù ṣe lógò àti fláyà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Oníbàárà á pè ọ́: "Ẹ bá mi ṣe lógò ẹgbẹ́ àjọ wa. Kó fi ìfọkàntán hàn." Ta ló fojú rí ìfọkàntán rí? O ṣí Canva, o tẹ ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ méjì tó bọra wọn ló jáde. Oníbàárà náà lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Kí ló fẹ́ sanwó fún ọ lé lórí?

Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti bá irú iṣẹ́ yìí pàdé. Àwòrán wọn kan wà tó ń jẹ́ "Ìbàdàn dùn". Báwo lèèyàn ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya adùn? Wọn ò ya ẹni tó ń rẹ́rìn-ín o. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n yà, wọ́n wá to ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà. Lójú tèmi, òpó ló dúró fún ìlú, ṣíbí ló dúró fún ẹnu. Nǹkan méjì tí kì í pàdé, wọ́n so wọ́n pọ̀.

Torí náà, má béèrè pé báwo ni ìfọkàntán ṣe rí. Béèrè pé ibo lọwọ́ ti ń kàn án. Nínú àjọ, ta ló ń gbowó? Kí ló fi ń sàmì sí i? Kọ ogún nǹkan sórí fóònù rẹ, kó o wá pa márùn-ún àkọ́kọ́ rẹ́, torí àwọn yẹn ló ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Níwájú díẹ̀, wàá kan káàdì alájọ, pẹ̀lú àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń fi bírò sàmì sí lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni kó o dúró.

Ó ku bó o ṣe máa tò ó. Nínú àrokò, owó ẹyọ méjì tó kọjú síra ń sọ ti ìrẹ́pọ̀. Kọ́ wọn lẹ́yìn síra, ó di ìjà. Owó ẹyọ kan náà ni o! Bí káàdì náà ṣe rí nìyẹn: kun gbogbo àpótí, ó túmọ̀ sí pé owó ti pé, fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń retí ẹ lọ́la. Èmi á fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Kó o tó fi ránṣẹ́, fi han ẹnì kan tó ń dájọ, má ṣàlàyé. Bó bá ní kàlẹ́ńdà ni, tún un tò.