Hásẹ́lì Wọ́rọ́kọ́

Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn tí wọn kì í fi dáná rárá, owó ni wọ́n fi ń rà á. Ìran hásẹ́lì ni, igi tí wọ́n ń po èso rẹ̀ mọ́ ṣokoléètì. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Corylus avellana 'Contorta'.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín. Ní 1863 ni wọ́n ṣàdéédéé rí i nínú igi tí wọ́n fi sọgbà oko ní abúlé Frocester, ní Gloucestershire. Nígbà tó yá, E. A. Bowles, olùtọ́jú ọgbà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, gbin ọ̀kan sí Myddelton House ní Enfield, ní igun kan tó kó àwọn igi oníwàkiwà jọ sí, tó sì pè ní ilé ìtọ́jú wèrè. Orúkọ tó wá gbajúmọ̀ jù ni Ọ̀pá Harry Lauder, nítorí akọrin aláwàdà ará Skọ́tíláǹdì yẹn (1870–1950) kì í sábà gun orí ìtàgé láìmú ọ̀pá kágokàgo dání.

Ká sòótọ́, kò dùn ún wò nígbà ooru. Ewé rẹ̀ náà a máa ká kò, àfi bíi pé àrùn ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ mọyì rẹ̀, kó dúró de ìgbà tí òtútù bá gbọn ewé náà dànù. Ẹ̀ka á yà sọ́tùn-ún, á ṣẹ́rí padà, á tún yípo ara rẹ̀. Bó bá di nǹkan bí oṣù Kejì, òdòdó akọ rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀ bíi yẹtí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òun nìkan ló sì tọ́ lára igi náà. Òdòdó abo kéré débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn dáadáa: fọ́nrán pupa bíńtín ló yọ lórí èéhù.

Kì í yára dàgbà, kì í sì í sábà ga ju mítà 3 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, àfi ẹyọ kan. Ìdí hásẹ́lì lásán ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ìdí yìí a sì máa hu ọmọ tó tọ́ ṣánṣán. Kí olóko fa ọmọ wọ̀nyí tu láti gbòǹgbò, torí wọ́n lágbára ju wọ́rọ́kọ́ náà lọ, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àrùn kan láti ara fọ́ńgọ́ọ̀sì ń pa ẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀, kó béèrè 'Red Dragon', ẹ̀yà eléwé pupa tí àrùn náà kì í sábà ràn.