Mstislav Rostropovich: Lẹ́tà tó dá ìrìnàjò ọ̀gá onísẹ́lò dúró

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1970, gbajúmọ̀ olórin kan ní Moscow kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ìjọba mẹ́rin, Pravda àti Izvestia sì wà lára wọn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àmọ́ kò pẹ́ tí lẹ́tà náà fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn òkèèrè, tí wọ́n sì tú u síta fún gbogbo ayé kà. Láti ìgbà náà ni ìjọba Soviet ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀nà mọ́ ọn. Ẹni tó ti ń ta orin ní Lọ́ńdọ̀nù, New York àti Paris kò lè kọjá ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Mstislav Rostropovich ni orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ orin ló sì gbà pé òun wà lára àwọn tó mọ sẹ́lò ta jù lọ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ orin ṣe ń gbé ènìyàn káàkiri ayé, àti bí ọwọ́ ìjọba ṣe lè dá ìrìn náà dúró, kó wo ìgbésí ayé ọkùnrin yìí.

Irú ohun èlò wo ni sẹ́lò?

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ta gòjé nínú orin sákárà ti mọ ìdajì iṣẹ́ sẹ́lò. Okùn ni wọ́n nà sórí igi, ọ̀pá tí wọ́n ta irun ìrù ẹṣin sí ni wọ́n sì ń wọ́ kọjá lórí okùn náà kó tó dún. Okùn mẹ́rin ni sẹ́lò ní, ó sì tóbi ju fáyólíìnì lọ dáadáa. Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ta á. Atasẹ́lò á fi orúnkún méjèèjì gbá a mú, irin ṣóńṣó kan nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ bíi ti àgbà ọkùnrin, ó sì lè gòkè bíi ti obìnrin tó ń kọrin.

Ìrìnàjò pẹ̀lú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Igi rẹ̀ fẹ́lẹ́, òtútù àti ooru lè là á, owó rẹ̀ sì ga. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn onísẹ́lò tó ń ṣeré káàkiri ayé kì í jẹ́ kí wọ́n kó o mọ́ ẹrù nísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n máa ń ra ìjókòó fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Sẹ́lò tí Rostropovich lò láti 1974 títí tó fi kú ni wọ́n ń pè ní Duport. Antonio Stradivari ló ṣe é ní ìlú Cremona ní Ítálì, lọ́dún 1711. Nǹkan bí ọgọ́ta péré ló kù láyé nínú àwọn sẹ́lò tí Stradivari ṣe.

Ta ni Rostropovich?

Ìlú Baku, tó jẹ́ olú-ìlú Azerbaijan lónìí, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1927. Onísẹ́lò ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ dùùrù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ Conservatory Moscow, ilé-ẹ̀kọ́ orin tí orúkọ rẹ̀ kàn jù ní Rọ́ṣíà. Dmitri Shostakovich, ọ̀gá nínú àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́ ọ níbẹ̀. Ní 1951, ìjọba fún un ní Ẹ̀bùn Stalin. Ní 1964, wọ́n fi Ẹ̀bùn Lenin kún un. Ìyàwó rẹ̀, Galina Vishnevskaya, jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká akọrin ní ilé eré Bolshoi. Slava ni tọ̀rẹ́-tojúlùmọ̀ ń pè é.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1959, Shostakovich gbé kọnsẹ́tò tuntun, ìyẹn orin tí sẹ́lò ti ń léwájú ẹgbẹ́ olórin, lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Rostropovich jókòó níwájú olùkọ́ rẹ̀, ó sì ta gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, àwọn ará Leningrad gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó ta á fún àwọn ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ó sì gbà á sílẹ̀ sórí àwo níbẹ̀ lójú Shostakovich fúnra rẹ̀.

Mímú kí àwọn olùkọ orin kọ orin tuntun fún sẹ́lò ni iṣẹ́ tó mú kí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀. Ṣáájú ìgbà rẹ̀, orin tí wọ́n kọ fún sẹ́lò kò pọ̀ tó ti fáyólíìnì tàbí dùùrù. Rostropovich kò jókòó tẹtẹrẹ kí àwọn olùkọ orin tó wá a wá. Òun ló ń lọ bá wọn, tó ń bẹ̀ wọ́n. Ní 1960, ó pàdé Benjamin Britten ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní kó kọ nǹkan fún òun. Britten kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, Rostropovich kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Jámánì tó mẹ́hẹ lẹ́nu àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá márùn-ún ni Britten kọ fún un. Orin tí àwọn olùkọ orin lóríṣiríṣi kọ fún Rostropovich lé ní ọgọ́rùn-ún.

Báwo ni olórin Soviet ṣe ń jáde nílùú?

Láyé ìgbà yẹn, olórin Soviet kò lè dédé gba ìwé ìpè láti òkèèrè kó sì wọkọ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Goskontsert ló ń bá àwọn tó fẹ́ gbé eré kalẹ̀ dúnàádúrà. Ìjọba ló ń pinnu ẹni tó máa lọ àti ẹni tó máa jókòó sílé. Ìjọba ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí olórin bá pa.

Ohun tí wọ́n ń wá ju owó lọ. Soviet àti Amẹ́ríkà ń figagbága, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì fẹ́ kí ayé gbà pé ètò ìṣèlú tòun ló ń bí ènìyàn gidi. Nígbà tí Rostropovich kọ́kọ́ ṣeré ní Carnegie Hall, New York, ní 1956, orúkọ ìjọba rẹ̀ ń bá tirẹ̀ gòkè.

Àmọ́ nígbà mìíràn, ohun tí ìjọba ṣe nílé a máa bá olórin lójú agbo. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1968, Rostropovich àti ẹgbẹ́ olórin ìjọba Soviet fẹ́ ṣeré ní Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti kéde tipẹ́ pé kọnsẹ́tò Antonín Dvořák ni yóò ta, ará Czech sì ni Dvořák. Òru mọ́jú ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ọkọ̀ ogun Soviet ya wọ Prague nílẹ̀ Czech. Àwọn kan ń fẹ̀hónú hàn níta, àwọn mìíràn sì ń pariwo nínú gbọ̀ngàn. Rostropovich ta orin náà tomijé-tomijé. Bó ti parí, ó gbé ìwé orin Dvořák sókè kí gbogbo èrò lè rí i. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Kí ló wà nínú lẹ́tà náà?

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láti 1969 ni òǹkọ̀wé Aleksandr Solzhenitsyn, ẹni tó tú àṣírí àgọ́ ìfìyàjẹni Soviet nínú ìwé rẹ̀, ti ń gbé nínú ilé ìsinmi Rostropovich ní Zhukovka, lẹ́bàá Moscow. Ìjọba kò fẹ́ rí Solzhenitsyn sójú. Nígbà tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní oṣù Kẹwàá 1970, ńṣe ni àwọn ìwé ìròyìn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ìgbà yẹn ni Rostropovich mú gègé láti gbèjà rẹ̀. Ó rán wọn létí pé ní 1948, àwọn ìwé ìròyìn kan náà ló ń sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nípa Prokofiev àti Shostakovich, àwọn olùkọ orin tí ilẹ̀ náà padà ń fi yangàn. Ó béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà ló máa ń dájọ́ ìkẹyìn lórí rẹ̀. Ó ní ó yẹ kí ẹnikẹ́ni lè ronú fúnra rẹ̀ kó sì sọ èrò ọkàn rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Kí ni èyí gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ wo ọdún 1970 kí lẹ́tà tó jáde. Ní oṣù Keje, ó ta kọnsẹ́tò tuntun tí Henri Dutilleux kọ, ní Aix-en-Provence ní Faransé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, ó ta ti Witold Lutosławski, ará Poland, ní Lọ́ńdọ̀nù. Méjèèjì wà lára àwọn orin sẹ́lò tó lágbára jù ní ọ̀rúndún náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ti Lọ́ńdọ̀nù tó kọ lẹ́tà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fagi lé ìrìnàjò rẹ̀ sókèèrè. Eré tó yẹ kó ṣe ní àwọn gbọ̀ngàn ńlá ilé náà dín kù, ó di pé àwọn ìlú kéékèèké ló ń lọ. Ní 1971, Britten parí orin kẹta tó kọ fún sẹ́lò nìkan, ó sì fi orin ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà àti orin òkú ìjọ Orthodox sínú rẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ fún kò lè wá. Oṣù Kejìlá 1974 kí Rostropovich tó lè ta á fún aráyé ní Snape, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara Britten kò sì le mọ́ nígbà náà. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tó kú.

Sẹ́nẹ́tọ̀ Edward Kennedy ti Amẹ́ríkà ló bá Leonid Brezhnev, olórí Soviet, sọ ọ́ ní 1974 kí wọ́n tó yọ̀ǹda kí ìdílé náà lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Rostropovich fi Moscow sílẹ̀, òun àti ajá rẹ̀, Kuzya. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ní 1977, ó di olùdarí ẹgbẹ́ olórin National Symphony ní Washington, ó sì wà níbẹ̀ di 1994. Ní oṣù Kẹta 1978, ìjọba Soviet gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀.

Ìgbà wo ló tó padà sílé?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 1989, Ògiri Berlin ṣí. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, Rostropovich fò láti Paris wá, ó yá àga kan lẹ́bàá ẹnubodè Checkpoint Charlie, ó fẹ̀yìn ti ògiri náà, ó sì ta orin Bach fún àwọn èrò tó wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1990, wọ́n dá ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú rẹ̀ padà fún un. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko: ní oṣù Kejì, ó kó ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ láti Washington wá ṣeré ní Moscow àti Leningrad.

Nígbà tí àwọn kan fẹ́ fipá gbàjọba ní oṣù Kẹjọ 1991, ó wọkọ̀ òfuurufú láti Paris lọ sí Moscow láìní físà, ó sì dúró ti àwọn tó ń dáàbò bo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Rọ́ṣíà. Lọ́dún kan náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìlera àwọn ọmọdé. Moscow ló kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2007, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ Novodevichy.

Kí ló kàn wá níbẹ̀ lónìí?

Ìbéèrè ọjọ́sí, bóyá ó yẹ kí olórin sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ìjọba rẹ̀ ń ṣe, kò tíì tán nílẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022, ìlú Munich lé Valery Gergiev, olùdarí ẹgbẹ́ olórin wọn, kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé kò bẹnu àtẹ́ lu ogun tí Rọ́ṣíà gbé ja Ukraine. Ti Rostropovich yàtọ̀ pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò ní kó sọ̀rọ̀. Bó bá dákẹ́, àwọn ẹ̀bùn, owó àti ìwé ìrìnnà yóò máa wá lọ́dọọdún. Ó mọ iye tí yóò ná òun, ó sì sọ ọ́.

Òkìkí tí sẹ́lò fún un, kò fi jẹun nìkan. Ó fi tọrọ orin tuntun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́lò ń kọ́ títí dòní, ó sì fi bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣìírí nígbà tí ìlú kọ̀ ọ́. Kí àwọn olórin wa tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún lónìí náà rántí ẹni tí kò ní agbẹnusọ, kí wọ́n sì ná nínú òkìkí wọn fún un.